Màmá Adelina, Ẹ̀yin Tí Ẹ Fi Orin Parí Ìwé Yín

Màmá, ó dìgbà! Ó dìgbà tí ẹ ó tún lé orin, tí àwa yóò sì tún gbè é. Ẹ̀yin ìyá ọkọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín aya ọmọ àti ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí kíláàsì yín kò ní ògiri. Ẹ̀yin obìnrin tí ohùn yín máa ń dé Miami àti Montreal kí ẹ tó dìde lórí àga nílé wa ní Hillcrest Heights, ní Maryland. Ikú wọlé, ó mú àgbà lọ, a sì sunkún bí ó ti yẹ kí a sun ún. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mú ìtàn yín lọ pẹ̀lú, kò rí i mú! Màmá, kò rí i mú! Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí, kì í sì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ló fà á.

Nígbà tí ara yín ṣì le koko ni ẹ ti sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ, kí olúkúlùkù dágbére fún yín ní èdè tó fi ń sunkún. Jozèf ọmọ yín, ọkọ mi, ti kọ tirẹ̀ ní Kreyòl, èdè Háítì. Ó wà lójú ewé tó ṣíwájú èyí nínú ìwé ìdágbére yìí. Èmi Àbẹ̀kẹ́, aya rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, nọ́ọ̀sì, mo kọ tèmi ní Yorùbá. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ, kí ó bi ẹni tó jókòó tì í léèrè. Bí ẹ̀yin náà ṣe ń fẹ́ kí ìtàn máa rìn nìyẹn.

Ọjọ́ tí Jozèf kọ́kọ́ mú mi wá kí yín, àwọn ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ti kó ẹ̀rù bá mi. Ọ̀kan ní, “Àbẹ̀kẹ́, ìyá ọkọ tí o ò gbédè rẹ̀, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó bá ń bú ẹ?” Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti kọ́ mi nílé. Ẹ wò mí. Ẹ ò ní kí n dìde, ẹ ò ní kí n wọlé. Ẹ kàn kígbe pé, “Tim-tim!”

Jozèf sọ sí mi létí pé kí n dáhùn pé “Bwa chèch,” ìyẹn igi gbígbẹ, pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́ àpamọ̀ ní Háítì nìyẹn. Mo dáhùn. Ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, “Ilé kan wà, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Kí ni?”

“Ẹyin ni!” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ìyá ìyá mi ni, Mà, ní Ọ̀yọ́.”

Ẹ fà mí dìde, ẹ gbá mi mọ́ra débi pé gèlè mi ṣí. Ẹ ní, “Ìyá ìyá tèmi náà ló sọ fún mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti mọra tipẹ́, àwa la pẹ́ kí a tó pàdé.” Àwọn ọ̀rẹ́ mi kò tún rí ẹ̀rù kankan dà bò mí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kí àwọn tí kò mọ̀ yín dáadáa lè gbọ́: ìlú kékeré kan létí òkun ní gúúsù Háítì ni wọ́n bí yín sí. Nílé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ láyé ìgbà náà, Faransé nìkan ni wọ́n gbà láàyè. Ọmọ tó bá fi Kreyòl béèrè omi, páálí kan ni wọn yóò gbé kọ́ ọ lọ́rùn, á máa gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ Kreyòl lẹ́nu ọmọ mìíràn tí yóò gbé e fún. Ẹ̀yin ará Yorùbá tí wọ́n nà níléèwé nítorí fàǹnákúlà, ìyẹn èdè ìyá yín, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Màmá gbé páálí yẹn ju gbogbo kíláàsì lọ, wọ́n sì máa ń fi yangàn fún wa! Nígbà tí ẹ̀yin náà, Màmá, di olùkọ́, ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn, ẹ ó ní kí àwọn ọmọ sún mọ́ra, ẹ ó sì fi Kreyòl pa àlọ́ fún wọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, torí òun náà máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé kí ó lè gbọ́ òpin rẹ̀.

Ìgbà tí ìlú dàrú tí ẹ sá wá sí Amẹ́ríkà, Miami lẹ kọ́kọ́ dé, lọ́dọ̀ ìbátan yín, Bọ̀ọ̀dá Èmil, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun. Ibẹ̀ ni ìtàn Silfana ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ń gbá irun nílẹ̀, àwọn oníbàárà jókòó, wọ́n ń retí kí ó kan orí wọn, ọ̀kan sì ní kí ẹ sọ nǹkan kan kí ìjókòó má bàa sú àwọn. Ẹ ní obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Silfana. Ọkọ rẹ̀, Lwi, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kúbà láti lọ gé ìrèké, kò sì padà, kò sì ránṣẹ́. Silfana dúró títí, ó sú u. Ó lọ bá káfíńtà pé kí ó kan ọkọ̀ fún òun. Káfíńtà ní obìnrin kì í wá ọkùnrin lórí òkun. Silfana wá jókòó sí iwájú ilé káfíńtà, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń wo ọwọ́ káfíńtà bí ó ti ń kan ọkọ̀. Nígbà tí ó wòye tán, ó lọ kan ọkọ̀ tirẹ̀.

Wọ́n ní àwọn tí wọ́n ti gẹrun tán kò dìde. Ẹ rí i pé ẹ ti dá nǹkan sílẹ̀!

Láti Miami ẹ lọ bá àbúrò yín, Àǹtí Klodèt, ní Montreal, nínú òtútù tí ẹ máa ń ṣépè fún títí tó fi di ẹ̀rín. Ibẹ̀ ni Silfana ti wọ òkun. Nígbà tí mo bí Níkẹ̀, ẹ wá sọ́dọ̀ wa ní Maryland kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́, Silfana sì bá yín wá. Ìlú tí ẹ bá dé, ibẹ̀ ni ìtàn náà ti ń dàgbà. Ẹ ò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tì yín ló ní apá tó bá gbọ́.

Ta ni yóò gbàgbé ọ̀sán Sátidé nínú gáréèjì wa? Ẹ ní kí Jozèf kó ọkọ̀ síta, pé irin kò nílò ibòòji tó ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn. A ká ilẹ̀kùn gáréèjì sókè, a to àga dé ojú títì. Àwọn ará Háítì wá láti Cheverly nítòsí. Àwọn nọ́ọ̀sì Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, bàtà ní ọwọ́, ẹsẹ̀ wíwú lórí kúlà. Aládùúgbò wa, bàbá ará El Salvador tí kò gbọ́ Kreyòl tí kò gbọ́ Yorùbá, á gbé àga tirẹ̀ wá, á sì máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí a rẹ́rìn-ín gan-an. Ẹ ó sọ díẹ̀ ní Kreyòl, Jozèf á túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn ìyá tó wá bá wa gbé ọmọ. Ìtàn kan á gba ẹnu mẹ́ta kí ó tó dé etí ẹni tó jókòó lẹ́yìn, ẹ̀rín á sì máa bọ̀ ní ìgbì-ìgbì bí omi òkun. Ayọ̀ yẹn, Màmá! Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ẹ sì kàwé! Ìwé Háítì kún yàrá yín débi pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ fi ń sùn. Ìwé tí àwọn tí ìjọba lé nílùú kọ ní Faransé láti Kánádà àti Paris. Ìwé tí àwọn ọmọ wọn kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní New York àti Florida. Ẹ fẹ́ràn gbogbo wọn, ẹ sì ń bá wọn jà bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ jà. Ẹ máa ń sọ pé ará Háítì kò lè gbé ilé rẹ̀ wọ bàálù, ìdí nìyẹn tó fi kọ́ ọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu yín: “Èwo nínú wọn ni wọ́n lè kà sétí ìyá mi kí ó sì gbọ́ ọ?” Èyí tí ìyá yín ìbá gbọ́ lẹ fẹ́ kọ.

Jozèf ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Suitland, ó sì fẹ́ kí gbogbo nǹkan já sí iṣẹ́. Ó ní, “Màmá, ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò ra ìwé Kreyòl ní Maryland?”

Ẹ bọ́ awò ojú yín. “Faransé ni mo fi ń dá ìjọba lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dá dókítà lóhùn. Kreyòl ni mo fi ń lálàá. Ṣé o fẹ́ kí n lọ yá àlá ni?”

“Ó dáa, Màmá. Ẹ kọ ọ́ ní Kreyòl nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́.”

“Kò tíì pọ́n.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn, títí di àárọ̀ Sunday kan tí a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ ń wé aṣọ mọ́rí, mo sì rí i tí ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu yín wálẹ̀. Mo pè yín. Ẹ fẹ́ dá mi lóhùn, nǹkan mìíràn ló jáde. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí mo rí. Mo gbé yín jókòó, mo pariwo sí Jozèf pé kí ó pe áńbúláǹsì. Wọ́n tètè dé, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí yín sí. Ẹsẹ̀ yín padà bọ̀ sípò. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ òsì, ọ̀tún ló ń tiraka. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ti kó ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín lọ, gbogbo rẹ̀, èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ń gbọ́ ohun tí a bá sọ, kedere. Ẹ kò lè fèsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù: “Mezanmi.” Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ké yéè ni wọ́n ń ké e ní Háítì. Omi lẹ fẹ́ o, ìrora ni o, ìkíni ni o, “Mezanmi” ni.

Mo rí Jozèf tó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, tí kò wọlé. Mo lọ bá a. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ìtàn yẹn wà nínú wọn lọ́hùn-ún, ó sì ti há síbẹ̀.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá gbọ́ bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe! Bọ̀ọ̀dá Èmil pè láti Miami láti kí Màmá. Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí wọ́n kí yín títí tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò tún sọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn Silfana, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó lè dùn mọ́ yín. Wọ́n dé ibi tí Silfana ti gé igi máńgò láti fi kan ọkọ̀.

“Mezanmi!” Ẹ fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì.

“Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe máńgò ni?”

“Mezanmi.”

“Ṣé igi àgbọn ni?”

“Mezanmi!” Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Àbí igi kédárì, èyí tí bàbá rẹ̀ gbìn?”

“Mezanmiii...” Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ pa ojú dé, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Kédárì ni!

Mo ju aṣọ tí mò ń ká sílẹ̀. Mo sáré jáde pe Jozèf. Mo ní, “Wọ́n lè kọ ìwé náà! Kí ẹlòmíràn máa sọ ọ́, kí wọ́n máa tún un ṣe!” Jozèf kò dúró bọ́ kóòtù. Ó gbé kọ̀ǹpútà wá síwájú bẹ́ẹ̀dì lójú ẹsẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti ìgbà yìnyín títí igi fi tún rúwé. Bọ̀ọ̀dá Èmil sọ apá tiwọn láti Miami, Àǹtí Klodèt sọ tiwọn láti Montreal. Jozèf ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ ọkùnrin tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, tí kò fi Kreyòl kọ nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Àǹtí Klodèt á ní kí ó pe lẹ́tà ohun tó tẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á ní, “Jozèf, ta ló kọ́ ọ ní irú ìwà ọ̀daràn yìí?” Wọ́n á tún un pè fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó máa wò ó láti orí ìrọ̀rí, ojú yín á máa tàn bí ojú olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ A.

Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀, Màmá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Nínú gbogbo ilé, èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ “Mezanmi” yín. Ọmọ elédè olóhùn ni mí. Ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ kan pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láti kékeré, ṣé ó lè ṣi “Mezanmi” gbọ́? Bí ohùn bá lọ sókè lẹ́yìn, irọ́ ni, ẹ tún un sọ. Bí ó bá wálẹ̀ wẹ́rẹ́, ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tẹ́ láàárín, ó kù nǹkan kan. Jozèf á tẹ̀, á wò mí, èmi á ní, “Ó kù nǹkan kan.” Á tún un tẹ̀. Ó ń bínú pé ìyá òun ni, èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀!

Kì í ṣe ẹbí nìkan. Nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú kan, ẹlẹgbẹ́ mi, wá kí yín láti ibi iṣẹ́, ó sì béèrè pé, “Ṣé ẹ ti kọ ti ìjì?” A ní ìjì wo? Bọ̀ọ̀dá Èmil kò mọ̀ ọ́n, Àǹtí Klodèt kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọ̀sán Sátidé kan tí òjò ń rọ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tó wá, òun àti Jozèf nìkan lẹ fi Gẹ̀ẹ́sì pa á fún, Jozèf sì ń sùn lórí àga. Ó jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì pa á fún wa ní Yorùbá: bí ìjì ṣe gba àjẹ̀ lọ́wọ́ Silfana, tí obìnrin náà fi ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tó ti tú gbé dání wa ọkọ̀ náà. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Jozèf fi Kreyòl tẹ̀ ẹ́, ó kà á sí yín létí. “Mezanmi” wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Orí kan odindi nínú ìwé Háítì gba ẹnu ọmọ Ìjẹ̀bú wọlé! Inú yín dùn débi pé ẹ fi ọwọ́ pè é mọ́ra, ẹ fẹnu kò ó lórí.

A wá dé òpin, ọ̀ràn dé. Àǹtí Klodèt ní Silfana rí Lwi nínú oko ìrèké, ó sì gbé e padà wálé. Bọ̀ọ̀dá Èmil ní irọ́ ńlá ni, pé Lwi ti kú, pé àdá rẹ̀ ni Silfana gbé bọ̀.

“Èmil, ìwọ tí o fẹ́ràn òkú!”

“Klodèt, ìwọ tí o ń fẹ́ kí gbogbo ọkùnrin padà wálé, tìrẹ ha padà bí?”

Èèyàn, ariwo! Fóònù méjì lórí bẹ́ẹ̀dì kan, Montreal ń bú Miami. Mo wò yín kí n mọ ẹni tó jàre. Ẹ ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. “Mezanmi” fún Àǹtí Klodèt, ohùn òkè. “Mezanmi” fún Bọ̀ọ̀dá Èmil, ohùn òkè. Kò sí ẹni tó jàre. A bi yín ní gbogbo ọ̀nà tí a mọ̀. Ṣé Lwi kú sójú omi? Ohùn òkè. Ṣé ó dúró sí Kúbà? Ohùn òkè. Ẹ̀rín kúrò lójú yín. Ẹ ń fẹ́ sọ ọ́, kò jáde, ẹ sì yí ojú sí ògiri. Jozèf pa kọ̀ǹpútà dé. A ti kọ ìwé odindi, òpin rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ wa kò tó.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì mo ń ya irun yín. Ọkàn mi wúwo. Ọwọ́ mi ń lọ, ẹnu mi ń lọ, n kò ronú, mo ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí Silfana máa ń fi wa ọkọ̀, èyí tí gbogbo gáréèjì máa ń gbè:

Wa ọkọ̀, Silfana, wa ọkọ̀,
Òkun ò mọ orúkọ ẹnì kan,
Wa ọkọ̀.

Kreyòl ni mo fi ń kọ ọ́, èyí tí ẹ kọ́ mi. Ohùn mìíràn sì darapọ̀ mọ́ tèmi lábẹ́ ọwọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ni! Ọ̀rọ̀ gidi, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ohùn orin! Ìyarun bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n ti ronú kàn án tipẹ́. A máa ń rí i níbi iṣẹ́: aláìsàn tí kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ á kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí yàrá tí orin ń gbé nínú ọpọlọ kì í ṣe yàrá tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Ilé ẹlòmíràn ni mo ti ń rí i, n kò rí i nílé ara mi. Mo kígbe pe Jozèf. Mo tún orin náà dá. A kọ ẹsẹ tí gbogbo wa mọ̀, a kọ èkejì. Níbi tí orin máa ń parí sí, èmi àti Jozèf dákẹ́. Ẹ̀yin kò dákẹ́:

Ẹnì kan ni mo wá dé èbúté,
Obìnrin ni mo bá tí wọ́n ń dúró.
Ẹ wọlé, ẹ wọlé,
Ọkọ̀ tí mo kàn gba gbogbo wa.

Òpin rẹ̀ nìyẹn! A bi yín ní ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, “Mezanmi” sì ń wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Silfana dé Kúbà, kò rí Lwi. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn mú wá, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ létí oko ìrèké ló rí, tí wọ́n ń wo òkun lójoojúmọ́, tí wọn kò ní ohun tí wọn yóò wọ̀ padà. Ó kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀ kédárì náà, wọ́n sì wà á dé ilé. Jozèf dojúbolẹ̀ lórí itan yín, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo ní kí ó dìde kí ó lọ tẹ̀ ẹ́ kí a má bàa gbàgbé! Nígbà tí ẹkún rẹ̀ tán, mo sọ fún yín bí yóò ti rí ní èdè tèmi: “Ó wá ọkọ lọ, ó kó èrò kún ọkọ̀ bọ̀.” Mo ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan ní Yorùbá, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì rẹ́rìn-ín débi pé Níkẹ̀ sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àǹtí Klodèt àti Bọ̀ọ̀dá Èmil gbọ́ òpin náà lórí fóònù. Bọ̀ọ̀dá Èmil ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “A jẹ́ pé àwa méjèèjì ló pa irọ́.” Àǹtí Klodèt ní, “Ṣùgbọ́n tèmi dùn ju tìrẹ lọ.”

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tí ọmọ Háítì dá sílẹ̀ gba ìwé náà bó ti wà, ní Kreyòl, a sì kó o jáde ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Cheverly. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù. Àwọn èèyàn dúró títí dé ìta. Olùkọ́ kan mú ẹ̀dà ìwé náà kan lọ sí ìlú yín létí òkun, rédíò ibẹ̀ sì ń kà á ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n fi sórí fóònù fún wa: ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ka Kreyòl yín láìkánjú, ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń gbe orin náà pẹ̀lú ohùn òkè. Ìyá tí kò mọ̀wé rárá ń gbọ́ ọ níbi tó ti ń dín ẹja. Ẹ di fóònù náà mọ́ àyà.

Ọ̀sán tí ẹ lọ, Àǹtí Klodèt ti wá láti Montreal láti bá yín lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Oòrùn ń wọlé láti fèrèsé. Wọ́n jókòó tì yín, wọ́n ń ka ìwé náà sí yín létí, orí tí Silfana ti kó èlò sínú ọkọ̀ tí gbogbo abúlé jáde wá wò ó. Èmi wà ní ilé ìdáná, mò ń gbọ́ ohùn wọn. Ohùn náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dúró díẹ̀, ó sì tún ń bá a lọ. Nígbà tí mo wọlé, ẹ ti lọ, orí yín wà ní èjìká wọn. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn mọ̀ kí àwọn tó ṣí ojú ewé kejì. Mo ní, “Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò pè mí?” Wọ́n nu ojú. Wọ́n ní, “Ó kù díẹ̀ kí orí náà parí. Mi ò lè fi í sílẹ̀ létí omi.”

Màmá Adelina, ìyá mi, olùkọ́ mi, ẹ gbéra. Ọ̀nà mọ́, omi tòrò, àwọn tó ṣíwájú yín ti jáde wá sí èbúté. Àwa yóò máa gbè é níbí. Ẹ sùn re o, abiyamọ tòótọ́, ẹ sùn re o.

Àbẹ̀kẹ́, aya ọmọ yín